Ẹ̀bẹ̀ Lórí Igi Tíìkì 2,316 Tí Áàpù Kà sí Òkú ní Ọ̀nà Ojoku

Ojúlé 22, Àdúgbò Pópó,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé, ọdún 2025.

Olùdarí Àgbà,
Iṣẹ́ Àkànṣe Igbó Tuntun,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ DÁ KATAKATA DÚRÓ: IGI TÍÌKÌ PÁPÁ KEJÌ, Ọ̀FÀ, WỌ́WÉ NI, WỌN KÒ KÚ

1. Orúkọ mi ni Ìdrís Àjàní. Aṣọ́gbó àgbà ni mí lábẹ́ iṣẹ́ àkànṣe yín ní Ọ̀fà. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ igbó, oṣù Òkúdù tó ń bọ̀ yìí ni n ó sì fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà kẹta tí mo kọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ẹ mú dání. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fèsì. Mo fi Yorùbá kọ èyí nítorí pé mo fẹ́ kà á sétí ẹni tó ni ilẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, kó má baà rò pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo ń sọ lójú òun, ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo ń kọ ránṣẹ́ sí Ìlọrin.

2. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá oṣù Ẹrẹ́nà, katakata yóò wọ oko tí à ń pè ní Pápá Kejì ní ọ̀nà Ojoku, yóò sì hú gbogbo igi tó wà níbẹ̀, nítorí pé áàpù inú fóònù tí ẹ fún wa sọ pé wọ́n ti kú. Wọn kò kú. Ewé ni wọ́n wọ́. Igi tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ọyẹ́ lọ́dọọdún, àkọ́rọ̀ òjò ló sì máa ń dá ewé náà padà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ dúró de òjò yẹn.

3. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Ilẹ̀ olóògbé Alhaji Jàmíù ti agbo-ilé Baálẹ̀-Àgbẹ̀ ni. Ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ tó dára. Nígbà tí iṣẹ́ àkànṣe yìí dé Ọ̀fà ní ọdún 2022, èmi ni wọ́n rán sí Alhaji pé kó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún igi. Ìgbà mẹ́ta ni mo lọ jókòó lórí ẹní rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò fẹ́. Wọ́n ní ta ló ń jẹ tíìkì. Alhaji ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni ní ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ìlọrin, òun kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe; ojú Ìdrís ni òun wò tí òun fi gbà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, nítorí láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn náà kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Alhaji ṣaláìsí ní oṣù Ògún ọdún 2023. Ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ yín bu ọwọ́ lù sọ pé ti ẹbí rẹ̀ ni igi náà bí wọ́n bá ti dàgbà tó gẹdú, àti pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gé wọn ṣáájú àkókò yẹn. Ẹ̀dà ìwé náà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí.

4. Igi 2,400 ni a gbìn ní oṣù Agẹmọ ọdún 2022. Ìyàwó Alhaji, Alhaja Ràfátù, ló gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, tí ilẹ̀ gbẹ tí ó ń sán, òun ló ń fi bárò ti kẹ́ẹ̀gì omi láti odò wá sí oko, tí ó ń bu ún sídìí ọmọ igi ní ife-ife. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni nígbà náà. Ìlà igi kọ̀ọ̀kan ló sọ lórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan: ìlà Àmínát, ìlà Asiata, títí dórí èyí tí wọ́n bí lọ́dún tó kọjá. Nọ́ńbà ni áàpù fi ń pe igi, orúkọ ni Alhaja fi ń pè wọ́n, àwa méjèèjì sì máa ń gbọ́ ara wa yé. Kí n má parọ́, ó máa ń bá mi jà bí mo bá ro ìdí igi ní ìrokúro. Lọ́dọọdún, kí ọyẹ́ tó dé, a máa ń ṣán etí oko yípo kí iná ìgbẹ́ má baà wọlé, kò sì tíì wọlé rí. Iṣu kò sí lórí ilẹ̀ náà mọ́. Ọjà Ojoku ni Alhaja ti ń ra iṣu tó ń jẹ báyìí, ọjà tí òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń kó iṣu tiwọn lọ tà tẹ́lẹ̀.

5. N kò kórìíra áàpù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ìwé ṣe iṣẹ́ yìí. Òjò ti ba ìwé mi jẹ́ rí, ikán sì ti jẹ òmíràn nínú àpótí, nítorí náà inú mi dùn nígbà tí ẹ kọ́kọ́ gbé fóònù dé. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn. Èèyàn á dúró ti igi, á ní sùúrù kí fóònù mọ ibi tó wà, á ya fọ́tò igi, á sì dáhùn ìbéèrè. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú oko, fóònù á tọ́jú gbogbo rẹ̀ títí a ó fi dé ìlú. Kíkà àkọ́kọ́ wáyé ní oṣù Ògún ọdún 2022, èkejì ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2023. Nínú méjèèjì lápapọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ti kú. Ikán jẹ àwọn kan, màlúù tẹ àwọn kan mọ́lẹ̀. Wọ́n kú lóòótọ́, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Igi 2,316 ló kù. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí ń fi òkú igi pamọ́ fún ọ̀gá.

6. Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó kọjá ló yẹ kí kíkà kẹta wáyé, nígbà tí ewé tíìkì tóbi tó èyí tí èèyàn lè fi borí nínú òjò. Ṣùgbọ́n ẹ gba àwọn fóònù padà sí Ìlọrin kí wọ́n lè fi áàpù tuntun sí i, wọn kò sì dá wọn padà títí ọdún fi parí. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí kíkà bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo dìde níbẹ̀, mo ní inú ọyẹ́ la wà yìí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà òjò. Wọ́n ní òkè ni wọ́n ti fi ọjọ́ náà ránṣẹ́. Mo jókòó. Ó yẹ kí n tún dìde, ṣùgbọ́n mo ti dìde títí nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, ó sì ti sú mi.

7. Olùkọ́ tó dá wa lẹ́kọ̀ọ́ tẹnu mọ́ ohun kan ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní, “Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má fi èrò tiyín kún un.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú, torí bí àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Nínú áàpù àtijọ́, ìbéèrè kan wà tó ń béèrè pé ṣé igi náà wà láàyè. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé ṣé ewé wà lórí igi náà. “Bẹ́ẹ̀ ni” wà níbẹ̀, “Rárá” wà níbẹ̀, kò sí ìkẹta.

Láti ọjọ́ kẹtàlá sí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ka Pápá Kejì. Ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo fi sinmi. Eruku ọyẹ́ bo ojú fóònù, oòrùn kò jẹ́ kí n rí ohun tó wà lójú rẹ̀ dáadáa, àtàǹpàkò mi sì ti yi débi pé mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbọ́. Orúnkún mi wú. Ṣé ewé wà? Rárá. Mo bọ́ sídìí èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣé ewé wà? Rárá. Nínú gbogbo 2,316, kò sí ẹyọ kan tí mo parọ́ mọ́.

Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé igi tí kò bá ní ewé, òkú ni áàpù yóò kà á sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n béèrè, n kò béèrè. N kò ní di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn.

8. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Ayọ̀kúnnúmi, ló ń bójú tó Pápá Kẹta. Káṣú ló wà níbẹ̀, káṣú kì í sì í wà ní ìhòòhò nígbà ọyẹ́ bíi tíìkì. Lẹ́tà ìyìn ni wọ́n kọ sí òun. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Háà, Bàbá, ẹ ò bá ti tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Ta ló ń wo fọ́tò?” Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà, mo sì sọ̀rọ̀ líle sí i tí n kò tíì tọrọ àforíjì rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Bí mo bá parọ́ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, igi Alhaja kò ní wà nínú ewu lónìí. Ó dùn mí gan-an pé ibi tí iṣẹ́ yìí bá mi dé nìyí lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí n máa kábàámọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

9. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ni èsì dé sórí fóònù. Kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Pápá Kejì. Igi tó wà láàyè: òdo. Igi tó kú: 2,316. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí a múra oko sílẹ̀ de katakata ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ẹrẹ́nà, kí wọ́n lè gbin igi mìíràn bí òjò bá dé. Mo gun ọ̀kadà lọ sí oko lọ́gán, torí ó yẹ kó jẹ́ ẹnu mi ni Alhaja ti máa gbọ́ ọ. Mo bá a níbi tó ti ń kó àwọn ewé tó wọ́ jọ sídìí igi kí ilẹ̀ má baà gbẹ jù.

Kò pariwo. Ó ní, “Ìdrís, ẹ̀yin lẹ ní kí á gbìn ín. Ẹ̀yin náà lẹ tún kọ ọ́ pé ó ti kú. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?” Ó na ọwọ́ sí igi tó súnmọ́ ọn jù, ó fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Abẹ́ èèpo náà tutù, ó ní àwọ̀ ewé, ó sì mú ọwọ́ rẹ̀ rin. Ó ní, “Ẹ ya ìyẹn náà ní fọ́tò.” Mo gbìyànjú. Áàpù ní wọ́n ti ti fọ́ọ̀mù Pápá Kejì pa.

10. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, èmi àti Alhaja mú igba igi káàkiri oko, a ha èèpo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dàmọ́lá Jacob, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà, bá wa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì bu ọwọ́ lu ìwé tí mo kọ ọ́ sí. Igi méjìdínnígba tutù. Méjì gbẹ. Mo kọ nọ́ńbà àwọn méjèèjì síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ogún tàbí ọgbọ̀n igi ti kú nínú gbogbo oko náà, n kò jiyàn ìyẹn, kò sí oko tíìkì tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin láti inú ìwé àkọsílẹ̀ tèmi. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, mo kọ ọ́ pé gbogbo igi ti wọ́wé, àti pé ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Igbe ọdún náà, mo kọ ọ́ pé ewé ti bo gbogbo oko, Alhaja ní kí n wá wo ìlà Asiata. Mo fẹ́ fi ẹ̀ka kan ránṣẹ́ sí yín pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n yóò ti gbẹ kó tó dé orí tábìlì yín, wọn á sì tún kọ ọ́ pé òkú ni.

11. Mo ti gba gbogbo ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó bá ní ẹ̀sùn. Àyè àlàyé tó wà nínú áàpù kò gbà ju ọgọ́rùn-ún lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì lọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Tíìkì ń wọ́wé nígbà ọyẹ́, kò kú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí. Ìgbà mọ́kànlá ni mo fi ránṣẹ́. Ìgbà mọ́kànlá ni èsì kan náà dé kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lójú fóònù, pé wọ́n dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn. Mo kọ lẹ́tà ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, mo tún kọ ní ọjọ́ kejìlá.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, mo wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ọ̀gbẹ́ni Tóbilọ́ba, tó ń bójú tó áàpù náà, gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó fún mi lómi, ó dìde fún mi lórí àga tirẹ̀. Ó ṣí àwọn fọ́tò tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Ó ní, “Ẹ wò ó fúnra yín, sà, igi gbígbẹ ni.” Mo bi í bóyá ó ti rí tíìkì rí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ó ní rárá, àárín ìlú ni wọ́n ti tọ́ òun dàgbà. N kò kà á sí ọmọ burúkú. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ ló ṣírò ó, pé òun kò sì ní agbára láti ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti tì. Ọwọ́ Olùdarí Àgbà nìkan ni agbára yẹn wà. Ó ní kí n kọ̀wé sí yín. Mo ní mo ti kọ. Ó ní kí n tún kọ. Bí lẹ́tà yìí ṣe dé ọwọ́ yín nìyẹn.

12. Ohun kan kù tó ń dà mí láàmú ju gbogbo èyí lọ. Kí katakata tó lè gbéra, áàpù ní kí ẹni tó ka igi jẹ́rìí sí i. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí ni bọ́tìnnì pupa kan ti wà lójú fóònù mi. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, bí mo bá tú u sí Yorùbá, ni: Mo jẹ́rìí pé igi wọ̀nyí ti kú. Fóònù Pápá Kejì nìkan ló ní in. Kì í sì í ṣiṣẹ́ bí mo bá wà nílé tàbí ní ọ́fíìsì, àfi bí fóònù bá wà láàárín oko yẹn gan-an. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó sílé jẹ́rìí èké, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti gbé e dé oko láti ìgbà náà. Bí mo bá ti kọjá ìlà àkọ́kọ́ báyìí, bọ́tìnnì náà á tàn. N kò tẹ̀ ẹ́.

Lánàá, Ọ̀gbẹ́ni Tóbilọ́ba pè mí lórí fóònù. Ó ní bí n kò bá tíì tẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù Ẹrẹ́nà, wọn yóò kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé mo kọ iṣẹ́, wọn yóò sì rán òṣìṣẹ́ mìíràn wá gba fóònù náà, kó wọ oko lọ tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó ní, “Bàbá, ó kù díẹ̀ kí ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi ba tiyín jẹ́.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́.

13. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ dá katakata dúró títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Igbe. Òjò á ti rọ̀ ní Ọ̀fà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù Pápá Kejì padà, kí a lè tún igi náà kà nígbà tí ojú á lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ewé kò jáde, èmi fúnra mi ni n ó tẹ bọ́tìnnì pupa yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní rán mi létí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dá ìbéèrè àtijọ́ padà sínú áàpù. Ọ̀fà nìkan kọ́ ni tíìkì wà, n kò sì mọ iye aṣọ́gbó tó ti tẹ “Rárá” bíi tèmi ní àwọn ìlú mìíràn.

N kò bẹ̀bẹ̀ ohunkóhun fún ara mi. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú fáìlì mi pé mo kọ iṣẹ́, ẹ kọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí, Ẹ̀yin Ọ̀gá, n kò sì ní agbára àtijà du fáìlì. Ti Alhaja ni mo ń rò. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Igi tó gbìn ti ga ju èmi àti òun lọ. Wọ́n sọ fún mi ní Ìlọrin pé kò sí àdánù níbẹ̀, pé wọn yóò gbin tuntun fún un. Ta ni yóò tún ti bárò omi? Àwọn ọmọ Alhaji pàápàá ti ń sọ fún un pé àwọn ti kìlọ̀, pé bí katakata bá ti wọ oko, iṣu ni àwọn yóò gbìn, ilé-iṣẹ́ yín kò sì ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, n kò ní lè dá wọn lẹ́bi, torí n kò ní ojú tí n ó fi wo ẹnikẹ́ni nínú agbo-ilé náà.

14. Kí ẹ má baà gbọ́ eléyìí lẹ́nu ẹlòmíràn, fóònù náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Láàárọ̀ òní, lẹ́yìn tí mo ka ohun tó ṣáájú yìí sétí Alhaja Ràfátù tán, mo fà á lé e lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé fóònù ilé-iṣẹ́ ni, mo sì mọ ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀. Èmi ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá òun wí. Fóònù náà kò bàjẹ́, kò sì sọnù. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa wà nínú oko, níbi tí Alhaja bá wà.

Òṣìṣẹ́ tí ẹ bá rán wá kò ní wá a tì. Alhaja kò ní bá a jà, mo ti bá a sọ ọ́, ó sì ti gbà. Yóò kí i káàbọ̀, yóò ní kó yan igi èyíkéyìí tó bá wù ú nínú gbogbo oko, kó fi èékánná ara rẹ̀ ha èèpo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò gbé fóònù lé e lọ́wọ́, yóò sì dúró tì í. Bí ọmọ náà bá wo ohun tó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, tó sì tún lè tẹ̀ ẹ́ lójú Alhaja, kó tẹ̀ ẹ́.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi tí mo ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ yín,

Ìdrís Àjàní,
Aṣọ́gbó Àgbà, Pápá Kejì, Ọ̀fà.